ÌBỌN ÌLÉWỌ́ TUNTUN: ÀLEJÒ LÓJÚ, KÒ FI RÍRAN

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í ṣe ti ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti òrùlé gbọ̀ngán wa tí ń jò. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó pa bàbá tí ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe pọ̀ mọ́ ìbọn. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, kí alága tó dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa yọ fóònù rẹ̀, ó sì ń fi àwòrán ìbọn ìléwọ́ tuntun han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, irú èyí tí ẹlòmíràn ń pè ní ìbọn pélébé. Àwọn tí ń ṣe ìbọn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn jáde. Kí a tó ṣẹ́jú, ènìyàn bíi mẹ́wàá ti pagbo yí i ká. Ọ̀kan ní, “Ẹ wò ó, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ!” Èkejì ní ó ń dán bí bàtà ọjọ́ ọdún. Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ bàbá ọmọ mẹ́rin, ní bí àdúgbò wa bá ní irú rẹ̀ márùn-ún péré, kò sí olè tí yóò tún yà sọ́dọ̀ wa. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni pé kò sí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn léèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n alága wọlé, a sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà mí nínú. Àwọn baba wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Olóòtú pé kí ó fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń tú ikùn ẹ̀rọ ìránṣọ ní Sabon Gari. Bí ẹ̀rọ irú tuntun bá dé sí ọjà, àwọn télọ̀ á máa yìn ín: ó fúyẹ́, ó ń sáré, kò pariwo, ó lẹ́wà. Èmi kì í bá wọn yìn ín, n kì í sì í bá wọn bú u. Mo máa ń dákẹ́ ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tàbí ọdún kan, bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ rere, n kò ní rí i. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀rọ rere, gbogbo wọn á gbé e wá bá mi, nínú báàgì, nínú agbọ̀n, lórí ọ̀kadà. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí a rà. Ìbọn pẹ̀lú ẹ̀rọ ni. Ó ní sípíríǹgì, ó ní abẹ́rẹ́, ó ní irin tí ń lọ tí ń bọ̀. Ohun tí ó bá ẹ̀rọ ìránṣọ fínra kò ní ṣàì bá ìbọn fínra, àfi pé ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó bá bàjẹ́ kì í pa ẹni tí ó jókòó tì í.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó, tí mo ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa àwọn ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n gbé jáde láàrin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn àti díẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

IBI TÍ ÌYÌN TI Ń BẸ̀RẸ̀

Ní oṣù January ọdọọdún, àwọn oníṣòwò ìbọn máa ń pàdé ní ìlú Las Vegas ní Amẹ́ríkà. SHOT Show ni wọ́n ń pe ìpàtẹ náà, ọdún 1979 ni ó sì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjà tí ẹni gbogbo ń wọ̀. Àwọn tí ń ṣe ìbọn, àwọn tí ń tà á, àti àwọn akọ̀ròyìn ni wọ́n ń jẹ́ kí ó wọlé. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti máa ń ṣí aṣọ lójú ọjà rẹ̀ tuntun. Akọ̀ròyìn yóò gbé e lọ́wọ́, yóò yìn ín ní ìwọ̀nba ìgbà ní pápá ìyìnbọn, yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò sì lọ kọ̀wé. Ohun tí ó bá kọ ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí lórí fóònù.

N kò ní purọ́ mọ́ àwọn Òyìnbó: iṣẹ́ ọpọlọ wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ wo ìbọn tí ilé iṣẹ́ SIG Sauer gbé jáde ní January 2018, tí wọ́n pè ní P365. Kí ó tó dé, ìbọn kékeré tí ènìyàn lè fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ kì í sábà gbà ju ọta mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ. Èyí gba mẹ́wàá nínú ilé ọta, ó tún gba ẹyọ kan nínú ọ̀pá, síbẹ̀ kò tóbi ju àwọn yòókù lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n to ọta inú rẹ̀ bí ẹyọ àgbàdo ṣe ń tò lára ṣùkù, ọ̀kan yà sí ọ̀tún, ọ̀kan yà sí òsì, wọ́n wá jẹ́ kí ilé ọta náà máa fún bọ̀ lókè títí yóò fi di ojú ọ̀nà ẹyọ kan. Èmi tí mo jẹ́ oníṣẹ́ irin, mo kan sáárá sí ẹni tí ó rò ó. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn fi tẹ̀ lé wọn: Springfield gbé Hellcat jáde ní 2019, Smith & Wesson sì gbé Shield Plus jáde ní 2021.

Ohun tuntun kejì ni gíláàsì kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn, tí àmì pupa kan ń tàn nínú rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó fẹ́ yìnbọn ní láti to irin ìwòye ẹ̀yìn àti ti iwájú kí wọ́n bá ara wọn mu. Nísinsìnyí, àmì pupa ni yóò gbé lé ohun tí ó ń wò, ó parí. Ó dùn ún wò, pàápàá fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò mú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ń lo tọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ̀ pé ohun tí bátìrì bá ń gbé ró, bátìrì lè jù ú sílẹ̀.

Ohun tí ojú ń rí nìyẹn, ó sì tó yìn. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ìbọn dà bí àlejò tí ó wọ ilé: ó rí àga, ó rí àwòrán ara ògiri, kò mọ ibi tí òjò ń gbà wọlé.

OHUN TÍ OJÚ ÀKỌ́KỌ́ KÒ RÍ

Ní January 2014, ilé iṣẹ́ Remington gbé ìbọn ìléwọ́ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ R51. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ àná. Ọdún 1816 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí náà ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba ọdún nígbà náà. Orí iṣẹ́ Pedersen, ọ̀gá oníṣẹ́ ìbọn àtijọ́ kan, ni wọ́n gbé e kà. Ara rẹ̀ dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i sì pọ́n ọn lé. Nígbà tí ó wá dé ọwọ́ àwọn tí ó fi owó rà á, wàhálà dé: ọta kì í wọlé dáadáa, irin kì í padà sí àyè rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kí ọdún 2014 náà tó parí, ilé iṣẹ́ náà ti dá títà rẹ̀ dúró, wọ́n sì ní kí àwọn olówó rẹ̀ dá a padà. Ọdún 2016 ni wọ́n tó tún un gbé jáde. Bí orúkọ àtijọ́ bá tó láti gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí kò tíì pọ́n, ìbá ti gbà wọ́n.

Ẹ tún gbọ́ èkejì. Ní January 2017, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Texas, Hudson, gbé ìbọn H9 wá sí ìpàtẹ náà. Imú rẹ̀ ga nísàlẹ̀ bí ti ajá òyìnbó, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yìn ín sọ pé kì í ta ọwọ́ sókè bí ti àwọn yòókù. Ìròyìn rẹ̀ gba gbogbo ìwé ìròyìn oníbọn. Nígbà tí ó fi di 2019, ilé iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè, ó sì kógbá sílé. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí abẹ́rẹ́ inú ìbọn náà bá dá, ta ni yóò ta òmíràn fún ẹni tí ó ni ín? Ẹ̀rọ tí kò ní páàtì mọ́, irin lásán ni. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ mìíràn, Daniel Defense, ra èrò náà, ó sì gbé tirẹ̀ jáde ní 2024, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ti kọjá lórí àwọn tí ó fi owó wọn ṣáájú. Èwo nínú àwọn tí ó kọ ìyìn ní 2017 ni ó lè fi ojú rí gbèsè nínú ọ̀pá ìbọn?

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó gba ìrònú jù. SIG Sauer kan náà gbé ìbọn P320 jáde ní 2014. Fún ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi yìn ín. Ní January 2017, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú un láti fi rọ́pò ìbọn wọn àtijọ́, nínú àdéhùn tí ó lè tó $580,000,000. Ta ni ìbá tún ṣe iyè méjì? Ṣùgbọ́n ní August ọdún náà, àwọn kan tí wọ́n jù ú sílẹ̀ ní ìgun kan tí ìdánwò àtijọ́ kò béèrè rí i pé ó lè yìn fúnra rẹ̀ bí ó bá balẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kéde pé kí àwọn tí ó ra ti ọjà mú un wá fún àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, àwọn kan ti pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ìbọn náà yìn láìjẹ́ pé ìka kàn án. Ilé iṣẹ́ náà sì takú pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni adájọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé odidi ọdún mẹ́ta kọjá kí a tó rí ohun kan tí ó wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kíní.

OJÚ ÀKỌ́KỌ́ Ń ṢÌNÀ NÍNÚ ÈÉBÚ PẸ̀LÚ

Kí ẹ má ba à rò pé mo kórìíra ohun tuntun, ẹ jẹ́ kí n sọ òdì kejì. Ọkùnrin ará Austria kan wà, Gaston Glock, tí ó kú ní 2023. Kò ṣe ìbọn rí. Ọ̀bẹ àti ṣọ́bìrì ni ó ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1982, wọ́n gba ìbọn ìléwọ́ tí ó ṣe, tí egungun rẹ̀ jẹ́ ike, tí ó sì gba ọta 17. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn fi ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ike ni, yóò fọ́ bí abọ́ ọmọdé. Àwọn mìíràn pariwo pé yóò gba ẹnu ẹ̀rọ ìyẹ̀wò pápákọ̀ òfuurufú kọjá láìsí ẹni tí yóò rí i, bẹ́ẹ̀ irin ni ọ̀pá rẹ̀, irin sì ni òkè rẹ̀. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣòfin ní 1988 lórí ìbọn tí ẹ̀rọ kò lè rí. Lónìí ńkọ́? Àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà tí ń lo ìbọn Glock kò lóǹkà, gbogbo àwọn tí ó fi ṣẹ̀sín ni ó sì ń fi ike ṣe ìbọn.

P365 tí mo yìn lókè pẹ̀lú, ní oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn kan ròyìn pé abẹ́rẹ́ tí ń gún ìdí ọta ń dá nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà tún un ṣe, ìbọn náà sì wá di ọ̀kan nínú èyí tí ó tà jù ní ilẹ̀ náà. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí ó yìn ní oṣù kíní ṣìnà, ẹni tí ó bú ní oṣù kejì náà ṣìnà. Ìlò ni ó mọ òótọ́.

Ẹ wo bí àwọn àgbà iṣẹ́ ṣe ń dán ohun wò. Ní March 1911, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yin ọta 6,000 nínú ìbọn kan ṣoṣo tí John Browning ṣe. Bí ó bá gbóná jù, wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á sì máa bá a lọ. Kò kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbọn yẹn ni wọ́n mú lò láti ọdún náà títí di 1985. Bí akọ̀ròyìn òde òní bá yin 100, tí ó sì kọ̀wé pé kò sí irú rẹ̀, ó ṣì ku 5,900.

Kí a má sì lọ jìnnà. Ìbọn mìíràn tí Browning bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kú ní 1926, tí wọ́n parí ní Belgium ní 1935, ni ilé iṣẹ́ ìjọba wa tí a dá sílẹ̀ ní 1964, DICON tí ó wà ní Kaduna níbí, wò ṣe ìbọn tí wọ́n pè ní NP1. Ẹ ṣírò rẹ̀: kí Kaduna tó ṣí ilẹ̀kùn, ìbọn náà ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lójú ogun àti lójú àlàáfíà. Àwọn tí ó yàn án fún wa kò yàn án nítorí àwòrán.

OHUN TÍ ÀBÚRÒ MI SỌ

Mo ní àbúrò kan tí ó ti ń gbé Houston láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin Texas gba irú rẹ̀ láyè láti ní ìbọn, kódà láti 2021, àgbàlagbà tí òfin kò dá lẹ́kun níbẹ̀ lè gbé e jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ó ra ọ̀kan nínú àwọn tuntun wọ̀nyí nínú oṣù tí ó jáde gan-an. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Nígbà tí ó fi hàn mí lórí fóònù, àfi bí ìyàwó tuntun. Ọgọ́rùn-ún ọta àkọ́kọ́ lọ geere. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èèpo ọta bẹ̀rẹ̀ sí há sí i lẹ́nu bí òwú ṣe ń há sí bọ́bìnì. Ó fi ránṣẹ́ padà, ó dúró ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó dá a padà fún un. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn náà. Mo bi í pé kí ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, owó mi ni mo fi bá wọn dán an wò.”

Ẹ ṣe àkíyèsí o: òun ní ìwé ẹ̀rí tí ó fi rà á, ó ní ilé iṣẹ́ tí ó lè dá a padà fún, ó sì ní òfin lẹ́yìn. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ rí nǹkan.

TIWA ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ mi gan-an nìyí, èyí tí ó jẹ́ kí n gbé kálámù. Òfin Texas kì í ṣe òfin Kano, kì í sì í ṣe òfin Jos tàbí ti Kaduna. Òfin ìbọn wa ní Nàìjíríà ti wà láti 1959. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà ní ọ̀nà kan. Ìbọn ọdẹ tí kì í ki ara rẹ̀ wà ní ọ̀nà kejì. Méjèèjì yìí, ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́, ìbáà ṣe tuntun ìbáà ṣe ògbólógbòó, wà ní ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a kà léèwọ̀, níbi tí bọ́m̀bù àti ìbọn arọ̀jò-ọta wà. Kò sí ẹni tí ó lè fún ènìyàn láṣẹ rẹ̀ àfi Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀wọ̀n tí ó wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Ọmọ tí ó jẹ́ ẹni ogún ọdún lónìí yóò ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ó tó jáde. Ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Mo gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní, “Bàbá, àwọn olè ní in, àwọn ajínigbé ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Òótọ́ ni. Èmi kò fi ẹ̀rù ẹnikẹ́ni ṣeré. Gbogbo wa rántí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n kọlù láàrin Abuja àti Kaduna ní March 2022. Kò sí ẹni tí ń rin ọ̀nà wọ̀nyẹn tí àyà rẹ̀ kì í já. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ìbọn tí a kò lè rà ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ta ni a ó ti rà á? Ọwọ́ àwọn tí ń tà á fún olè náà ni. Ẹni tí ó tà á fún ọ mọ ilé rẹ, ó mọ̀ pé o ní owó, ó sì mọ̀ pé o kò lè lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Ìwọ tí o ń wá ààbò ti ra ẹni tí yóò máa wò ọ́ lẹ́yìn.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìbọn tí yóò mú wá kì í ṣe èyí tí o rí lórí fóònù. Yóò jẹ́ òkú ìbọn tí a fi ọ̀dà kùn, tí a kọ orúkọ ńlá sí lára. A kò mọ ẹni tí ó ti lò ó. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi pa ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà yóò sì di tìrẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá bá a lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ. Bí irú èyí tí a ṣe pẹ̀lú ìmọ̀, tí a sì tà ní gbangba, bá ń há, tí ó ń dá lábẹ́rẹ́, tí ó ń yìn nígbà tí ó bá bọ́ sílẹ̀, kí ni a retí lọ́wọ́ èyí tí a rà lókùnkùn? Nínú yàrá kan tí ọmọ mẹ́rin ń sùn sí, ta ni yóò kọ́kọ́ rí i, olè ni tàbí àbíkẹ́yìn rẹ?

Mo tún fẹ́ kí á rántí ohun tí a jẹ́ ní ilẹ̀ yìí. A ti pẹ́ níbí. Àwọn kan nínú wa, bàbá bàbá wọn ni a sin síbí. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá dé, wọn kì í dárúkọ ẹnìkan, wọ́n á ní “àwọn Yorùbá”. Ìjà Kano ti May 1953, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó dá a sílẹ̀ láàrin àwọn ńláńlá, ṣùgbọ́n Sabon Gari ni ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn, lára àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìbọn kan ṣoṣo tí wọ́n bá rí nínú ilé ẹnìkan wa lónìí, lọ́la yóò ti di mẹ́wàá lẹ́nu ọjà, ní ọ̀túnla yóò ti di pé ẹgbẹ́ wa ń kó ìbọn jọ. Ẹni tí ó bá sì dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lábàá nínú gbọ̀ngán ẹgbẹ́, kódà kí ó fi ṣeré, ó ti fi iná sí orí òrùlé gbogbo wa.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Kì í ṣe pé kí a ká ọwọ́ gbera. Iná mẹ́ta ni ó kú ní òpópónà wa láti ọjọ́ kan ọjọ́. Owó tí ènìyàn márùn-ún fẹ́ dá ra ìléwọ́ kan, yóò tún wọn ṣe, yóò sì kù. Kí a san owó àwọn ọdẹ adúgbò ní àsìkò, kí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti lọ́dọ̀ mai unguwa. Kí olúkúlùkù ní nọ́ńbà fóònù DPO àti ti aládùúgbò rẹ̀, ìbáà ṣe Hausa, ìbáà ṣe Ìgbò, ìbáà ṣe Nupe. Ní alẹ́ tí àwọn olè dé ẹ̀yìnkùlé wa, fèrè aládùúgbò mi Hausa ni ó lé wọn lọ. Fèrè yẹn kò ní ọta, kò sì kọ́.

Sí ìwọ ọmọ mi tí o mú fóònù wá sí ìpàdé, n kò bá ọ jà. Wíwo àwòrán kò léèwọ̀. Bí ẹ̀rọ bá wù ọ́, ohun rere ni. Èmi náà, ẹ̀rọ ni ó wù mí ní kékeré. Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Sátidé, n ó fún ọ ní skúrù-dẹ́rẹ́fà, n ó sì fi hàn ọ́ bí sípíríǹgì ṣe ń rẹ̀ àti bí irin ṣe ń dá níbi tí ojú kò dé. Bí o bá ń ka ìyìn ìbọn tuntun, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ọta mélòó ni ẹni yìí yìn kí ó tó yìn ín? Ta ni ó fún un ní ìbọn tí ó yìn? Kí ni àwọn tí ó fi owó ara wọn rà á ń sọ lẹ́yìn ọdún kan? Ìbéèrè mẹ́ta yìí yóò wúlò fún ọ níbi ọ̀kadà, níbi fóònù, níbi ẹ̀rọ amúnáwá, níbi ohun gbogbo tí o lè rà láìbá òfin jà.

Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ ní tirẹ̀, jẹ́ kí ó wà nínú fóònù.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa fa àgbákò sílé. Kí ẹgbẹ́ wa máa gbòòrò sí i, kí àlàáfíà sì jọba ní ilẹ̀ tí a ń jẹun lórí rẹ̀. Àṣẹ.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
Bàbá Atúnrọ, Sabon Gari, Kano.